Ìrù Bakitéríà, Ìrù Àtọ̀: Kí Ló Ń Mú Fọ́nrán Rìn?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ báọ́lọ́jì bá ya bakitéríà sínú ìwé, tó sì ya sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlà kọ́lọkọ̀lọ kan náà ni yóò fà sí ìdí àwọn méjèèjì. Flagellum ni ìwé ẹ̀kọ́ sì máa ń pe méjèèjì. Ẹni tó bá ka ìyẹn kò jẹ̀bi tó bá rò pé ohun kan náà ni wọ́n, pé ọ̀kan kàn tóbi ju èkejì lọ ni. Bẹ́ẹ̀ wọn kò bára tan rárá. Ohun tí a fi ṣe wọ́n yàtọ̀, agbára tí wọ́n ń lò yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń rìn náà yàtọ̀. Ọ̀kan ń yí po láti ìdí. Èkejì ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láti inú ara rẹ̀. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni omi tí wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, omi yẹn ló sì fi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà rìn mọ sí méjì péré.

Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó, torí ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Irú fọ́nrán báyìí ló ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò ní ọ̀nà èémí wa tọ̀sán-tòru. Òun ló ń gbé àtọ̀ lọ pàdé ẹyin. Òun náà ló wà nídìí bí ọkàn ṣe ń bọ́ sí apá òsì nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọlẹ̀ nínú. Kò sì sí ẹ̀ka ìmọ̀ kan tó dá nìkan tú àṣírí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹranko, onímọ̀ ewéko, onímọ̀ físíìsì, onímọ̀ ìṣirò àti ẹnjiníà ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ibi omi ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bí ìpín méjì péré ni gígùn E. coli, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun wa. Fún ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, omi kì í ṣe omi tí àwa mọ̀. Bí ènìyàn bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tó sì dáwọ́ dúró, ara rẹ̀ ṣì máa sún síwájú díẹ̀, nítorí eré tó ti ń sá bọ̀ kò tíì tán lára rẹ̀. Osborne Reynolds, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Manchester, gbé ìwọ̀n kan jáde ní 1883 tí a fi ń mọ èyí tó lágbára jù nínú nǹkan méjì: eré tó ti wà lára ohun tó ń rìn, tàbí kíki omi tó ń dì í mú. Fún ènìyàn tó ń lúwẹ̀ẹ́, nọ́ńbà náà tó 10,000, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Fún bakitéríà, ìdá kan nínú 10,000 ni, tàbí kó tún kéré sí i.

Edward Purcell, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952 lórí iṣẹ́ mìíràn pátápátá, sọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1977. Ó ṣe ìṣirò pé bí bakitéríà bá dáwọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ dúró lójijì, ibi tí yóò sún dé kó tó dúró pátápátá kò tó fífẹ̀ átọ́ọ̀mù kan. Bí ìgbà tí a ju ènìyàn sínú àgbá oyin, tí a ní kó lúwẹ̀ẹ́ já ni ọ̀rọ̀ bakitéríà rí. Kò lè sinmi lórí eré àná. Ìwọ̀n tó bá ń ti ara rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni yóò rìn.

Láti inú èyí ni òfin kan ti jáde, tó máa ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu. Nínú omi tó ki báyìí, bí ẹ bá mi apá lọ, tí ẹ wá mì ín padà ní ọ̀nà kan náà gan-an, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ó padà sí. Ẹ lè yára lọ kí ẹ rọra bọ̀, kò ní yí nǹkan kan padà. Ìkarawun inú òkun tó ń ṣí tó ń pa dé ni Purcell fi ṣe àpẹẹrẹ: ní ìwọ̀n tirẹ̀ lókun ó lè fi ṣíṣí àti pípa dé sáré, ṣùgbọ́n ká ní ó kéré bíi bakitéríà ni, ojú kan ni yóò wà. Nítorí náà, ọ̀pá líle tó kàn ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún kò lè gbé bakitéríà dé ibì kankan. Àfi kí lílọ má jọ bíbọ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀dá gbà yọ nínú rẹ̀: kí fọ́nrán tó ti lọ́ máa yí po láìdúró, tàbí kí fọ́nrán tó rọ̀ máa jẹ́ kí ìgbì gba ara rẹ̀ kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bakitéríà mú ti àkọ́kọ́. Àtọ̀ mú ti èkejì.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń wo ọ̀ràn yìí kí Purcell tó dé ibẹ̀. Ní 1951, Geoffrey Taylor ní Cambridge ṣe ìṣirò bí abala tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìgbì ń gba ara rẹ̀ kọjá ṣe lè rìn nínú omi kíki. Ní 1955, James Gray, onímọ̀ ẹranko, àti G. J. Hancock, tí ìṣirò jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀, jọ kọ̀wé lórí àtọ̀ ẹranko òkun kan tí wọ́n ń pè ní sea urchin. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn rọrùn láti lóye. Bí a bá fa fọ́nrán tín-ín-rín gba inú omi kíki ní ìbú, omi yóò dì í mú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń dì í mú nígbà tí a bá fà á ní gígùn. Nígbà tí fọ́nrán bá dagun tó sì ń mì, kò sí apá kan lára rẹ̀ tó ń lọ ní ìbú nìkan tàbí ní gígùn nìkan, nítorí náà ìdènà omi kò ní dọ́gba, ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àìdọ́gba náà ló ń ti sẹ́ẹ̀lì síwájú. Ká ní omi ń di fọ́nrán mú bákan náà ní ìbú àti ní gígùn ni, mímì rẹ̀ ì bá jẹ́ asán.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká wo bakitéríà.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ìrù bakitéríà ń mì bí ti àtọ̀. Ta ni yóò gbà pé ohun ẹlẹ́mìí ní àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń yí po lára, tí kì í dúró, tí kì í sì í já? Ní 1973, Howard Berg àti Robert Anderson to àwọn ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ pọ̀, wọ́n sì sọ pé yíyí ló ń yí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Michael Silverman àti Melvin Simon ní California fi ojú rí i. Wọ́n lo antibody, purotéènì tí ara fi ń bá àrùn jà, láti fi lẹ ìrù bakitéríà mọ́ gíláàsì. Bí ìrù kò ti lè yí mọ́, ara bakitéríà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí ìdúró, tó ń yí sí ọ̀tún, tó tún ń yí sí òsì. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí gan-an, nítorí kò fi àyè ìjiyàn kankan sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń yí ìrù náà wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nanomítà 45 (bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nanomítà). Kì í ṣe ATP, èròjà agbára tí iṣan wa ń lò, ló ń yí i. Proton, hóró tíńtín inú átọ́ọ̀mù, tó ń ṣàn láti ìta wọ inú sẹ́ẹ̀lì ló ń ti ẹ̀rọ náà. Lára E. coli, fọ́nrán máa ń yí tó ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn bakitéríà omi òkun kan wà tó jẹ́ pé sodium inú iyọ̀ ni wọ́n ń lò dípò proton, wọ́n sì ti wọn ti Vibrio alginolyticus dé ìgbà 1,700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Fọ́nrán mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà máa ń wà lára E. coli kan. Nígbà tí gbogbo wọn bá ń yí sí òdì ọwọ́ aago, wọn á wé mọ́ra di ìdì kan, bakitéríà á sì sá tààrà síwájú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá yí padà sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, ìdì á tú, bakitéríà á ta gìọ̀ngìọ̀n díẹ̀, á sì dorí kọ ibòmíràn. Kò mọ ibi tó ń lọ ní ti pé ó yan ojú ọ̀nà. Ohun tó ń ṣe ni pé bí oúnjẹ bá ń pọ̀ sí i níwájú, ó máa ń pẹ́ kó tó tú ìdì náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bakitéríà ti dùn mọ́ mi jù ni ìrísí fọ́nrán náà. Ó lọ́ bíi sípíríǹgì. Purotéènì kan ṣoṣo, flagellin, ni a fi kọ́ ọ láti ìdí dé orí, flagellin náà sì lè tó 20,000 nínú fọ́nrán kan. Wọ́n jókòó ní ìlà 11 tó fara ti ara wọn yí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ká, ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nanomítà méjì. Inú ihò yẹn ni flagellin tuntun ń gbà kọjá lọ dé òpin kó tó jókòó sáàyè rẹ̀. Ìyẹn ni pé orí ni fọ́nrán yìí ti ń hù, kì í ṣe ìdí bí irun orí wa. Àmọ́ ìbéèrè ńlá kan wà níbẹ̀. Ohun tó bára mu délẹ̀, tí a tò jọ lọ́nà kan náà, ọ̀pá tó tọ́ gbọọrọ ló yẹ kó di. Kí ló wá lọ́ ọ?

Ní Nagoya ní Japan, Sho Asakura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní àwọn ọdún 1960 pé bí a bá tú fọ́nrán náà ká di flagellin lásán nínú ife àyẹ̀wò, ó lè tún ara rẹ̀ tò padà láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan nítòsí. Nígbà náà, lílọ́ náà wà nínú purotéènì fúnra rẹ̀. Ẹni tó wá rí ojú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe onímọ̀ báọ́lọ́jì. Chris Calladine ni, ẹnjiníà ní Cambridge tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bí irin àti ohun tí a kọ́ ṣe ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ní 1975, ó ní ká gbà pé flagellin lè jókòó ní ìdúró méjì, ọ̀kan gùn díẹ̀, èkejì kúrú díẹ̀, àti pé gbogbo flagellin tó wà lórí ìlà kan máa ń gba ìdúró kan náà. Bí ìlà 11 bá gùn, fọ́nrán yóò tọ́. Bí gbogbo wọn bá kúrú, yóò tọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí méjì bá kúrú tí mẹ́sàn-án gùn, ẹ̀gbẹ́ tó kúrú yóò fà á tẹ̀, bí àwọn ìlà náà sì ti ń wé díẹ̀díẹ̀ yí fọ́nrán ká, títẹ̀ náà yóò máa yí lọ pẹ̀lú wọn títí fọ́nrán yóò fi lọ́. Ìṣirò rẹ̀ fúnni ní ìrísí 12: méjì tó tọ́, 10 tó lọ́. Àwọn ìrísí tí wọ́n ti ń rí lábẹ́ maikirosikóòpù bọ́ sínú rẹ̀.

Ó gba ọdún 26 kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan ohun tí Calladine fi ìṣirò rí. Ní 2001, ikọ̀ Keiichi Namba ní Japan lo X-ray láti fi wo ibi tí átọ́ọ̀mù flagellin wà. Láti flagellin kan dé èyí tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n ti ìlà gígùn jẹ́ nanomítà 5.27, ti ìlà kúkúrú sì jẹ́ 5.19. Nanomítà 0.08 ni ìyàtọ̀ náà, kò tó fífẹ̀ átọ́ọ̀mù kan. Ìyàtọ̀ bíńtín yẹn, tó bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ló ń pinnu bóyá bakitéríà yóò sá tààrà tàbí yóò ta gìọ̀ngìọ̀n, nítorí nígbà tí ẹ̀rọ bá yí padà, agbára rẹ̀ máa ń ti àwọn ìlà kan láti ìdúró gígùn bọ́ sí kúkúrú, sípíríǹgì náà á sì yí apá tó lọ́ sí padà.

Ti àtọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní Delft ní ilẹ̀ Netherlands, ti rí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó ń fi ìrù lúwẹ̀ẹ́ láti 1677, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí ohun tó wà nínú ìrù náà kedere títí maikirosikóòpù alo-electron fi dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Irene Manton, onímọ̀ ewéko ní Leeds, ń wo àtọ̀ ewéko. (Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ewéko bíi mọ́ọ̀sì ní àtọ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́.) Ohun tó rí ni ọ̀pá oníhò kéékèèké: mẹ́sàn-án tó ṣe méjì-méjì yí ká létí, méjì mìíràn láàárín. Ètò kan náà yìí ló wà nínú ìrù àtọ̀ ènìyàn, nínú àwọn irun ọ̀nà èémí wa, àti nínú ìrù trypanosome, kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tó ń fa àrùn oorun lára ènìyàn àti àìsàn nagana lára màlúù àwọn darandaran wa. Ìrù fífẹ̀ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bakitéríà. Àkójọ ọ̀pá yẹn nìkan fẹ̀ tó nanomítà 200, nígbà tí fọ́nrán bakitéríà kò ju nǹkan bí 20 lọ.

Kò sí ẹ̀rọ kankan ní ìdí ìrù yìí. Gbogbo gígùn rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1965, Ian Gibbons sọ purotéènì tó rí lára àwọn ọ̀pá náà ní dynein. Dynein so mọ́ ọ̀pá kan, ó na apá mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ATP, ó sì ń fà á. Ní 1971, Keith Summers àti Gibbons mú ìrù àtọ̀ sea urchin, wọ́n fi ẹ́ńsáìmù gé àwọn okùn tó so ọ̀pá pọ̀, wọ́n wá bu ATP sí i. Àwọn ọ̀pá náà yọ́ kọjá lára ara wọn, fọ́nrán náà sì gùn jáde ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé ọ̀pá náà kì í sún kì. Wọ́n ń yọ́ lára ara wọn ni. Ṣùgbọ́n nínú ìrù tí a kò fọwọ́ kàn, ìdí di wọ́n mú, okùn so wọ́n pọ̀, nítorí náà wọn kò ríbi yọ́ lọ, ìrù á sì tẹ̀. Dynein ẹ̀gbẹ́ kan ṣiṣẹ́, ìrù tẹ̀ sí ọ̀tún. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì gbà á, ó tẹ̀ sí òsì.

Ta ló ń sọ fún dynein pé ó ti kan ẹ̀gbẹ́ kejì? Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń lọ títí di òní. Àwọn kan ní dynein ń mọ bí ọ̀pá ṣe tẹ̀ tó. Charles Lindemann ní Amẹ́ríkà ní àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá ni: nígbà tí ìrù bá tẹ̀, ọ̀pá ń súnmọ́ra tàbí jìnnà síra, dynein á sì lè dì mú tàbí kó tú sílẹ̀. Ní 2016, Philip Bayly, tó jẹ́ ẹnjiníà, àti Susan Dutcher, tó jẹ́ onímọ̀ jiini, mú èrò kẹta wá. Wọ́n fi ìṣirò hàn pé dynein lè máa fà láìdúró, láìsí ẹni tó ń yí i padà, bí agbára náà bá sì ti kọjá ìwọ̀n kan, ìrù fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìgbì á sì máa gbà á kọjá. Irú ìmì yìí ni àwọn ẹnjiníà ń bẹ̀rù lára ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Èmi rò pé èyí ló yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ wa tẹ́tí sí jù, torí ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ètò tó wà létòlétò ló nílò alákòóso.

Àwọn irun ọ̀nà èémí tí mo mẹ́nu bà ń mì lóòrèkóòrè láti gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè sí ọ̀fun, wọ́n ń lu tó ìgbà 10 sí 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1933, Manes Kartagener, dókítà ní Zurich, ṣàkíyèsí pé àwọn kan wà tí imú wọn kì í yé dí, tí àyà wọn kì í yé ní àrùn, tí ọkàn wọn sì wà ní apá ọ̀tún. Kò sí ẹni tó lè so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Ọdún 43 lẹ́yìn náà ni Björn Afzelius ní Stockholm, tó ń wo àtọ̀ àwọn ọkùnrin tí kò lè bímọ, rí i pé dynein kò sí lára ọ̀pá inú ìrù wọn. Àtọ̀ wọn kò lè lúwẹ̀ẹ́, irun ọ̀nà èémí wọn kò lè gbá nǹkan. Ohun kan náà ló bàjẹ́ níbi méjèèjì.

Ti ọkàn tó bọ́ sí ọ̀tún ńkọ́? Ní 1998, ikọ̀ Nobutaka Hirokawa ní Tokyo wo ọlẹ̀ èkúté. Nínú ihò kékeré kan lára rẹ̀, fọ́nrán kéékèèké ń yí po, wọ́n sì ń ti omi lọ sí apá òsì. Lára èkúté tí fọ́nrán wọ̀nyí kò hù, ìṣàn yẹn kò sí, inú ara wọn sì tò bó bá ṣe bọ́ sí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Japan fi ẹ̀rọ da omi lọ sí apá ọ̀tún lórí ọlẹ̀, ìtòlẹ́sẹẹsẹ inú ara wọn sì yí padà. Ṣùgbọ́n báwo ni ohun tó ń yí po lásán ṣe lè ti omi sí apá kan ṣoṣo? Julyan Cartwright, Oreste Piro àti Idan Tuval, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ físíìsì, kọ̀wé ní 2004 pé bí ìṣirò wọn bá tọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé fọ́nrán náà kò dúró ṣánṣán, pé ó dagun sẹ́yìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń lo maikirosikóòpù yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dagun bí wọ́n ṣe wí. Ẹni tí fọ́nrán yìí kò bá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nínú oyún, àǹfààní pé ọkàn yóò bọ́ sí òsì tàbí sí ọ̀tún dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àrùn náà ni ọkàn wọn wà ní ọ̀tún.

Lónìí, bí dókítà bá fura sí àìsàn yìí, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ nínú imú. A ó wo inú ọ̀pá rẹ̀ bóyá dynein wà níbẹ̀, a ó sì fi kámẹ́rà tó ń yára ya fídíò bó ṣe ń mì. Méjèèjì ló pọn dandan. Jiini tí a ti mọ̀ pé ó lè fà á ti ju 40 lọ, àwọn kan bíi DNAH11 sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bàjẹ́, àwòrán fọ́nrán lè pé pérépéré, inú fídíò nìkan la ti ń rí i pé mímì rẹ̀ kò tọ́. Ọmọ tí imú rẹ̀ ti ń dí láti ọjọ́ tí a bí i, tó ń wúkọ́ oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ọdún dé ọdún, pàápàá tí wọ́n bá ti sọ fún yín pé ọkàn rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún, ẹ bi dókítà léèrè nípa fọ́nrán ọ̀nà èémí rẹ̀.